Okùn Keje Tí Mo Fi Kún Gìtá Mi

Ohùn méjì ni àwọn ará àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn fi mọ ilé wa: tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá kan náà ló bí wa, iṣẹ́ òfì la bá nílé, òun náà la sì ń ṣe. Abẹ́ àtíbàbà kan náà la máa ń jókòó sí, òfì tirẹ̀ lápá òsì, tèmi lápá ọ̀tún, òkúta tó ń fa òwú wa le á wà lọ́ọ̀ọ́kán lórí ilẹ̀ yanrìn. Bí ọ̀kọ̀ òfì bá ti ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ wa, orin là ń kọ. Èmi á gbé e sókè, òun á gbà á nísàlẹ̀. Kì í pariwo. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dà bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí ilẹ̀ á ti mọ̀ kí etí tó gbọ́.

Láti orí òfì yẹn làwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Ẹni tó bá bímọ, ẹni tó bá fẹ́yàwó, ẹni tó bá kọ́lé tuntun, á ní kí a wá kọrin fún òun. Onílù méjì ládùúgbò máa ń bá wa lọ. A dé Òkèhò, a dé Tẹ̀dé, a dé àwọn abúlé tí n kò rántí orúkọ wọn mọ́. A kò pe ara wa ní olórin. Ahunṣọ ni wá, a kàn ń kọrin ni.

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì níhà tiwa nígbà náà. Ìyá tó bí ìyá wa ní in, àwọn obìnrin kan ní agbo ilé tó kàn wá ní in, kò sì pa wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n mi yọ, kò sẹ́ni tó kà á sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tóbi. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ní kí télọ̀ bá òun tú u. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́fun tó bá dùbúlẹ̀. Ìyá wa á gbé ìrọ̀rí lé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, síbẹ̀ a ó máa gbọ́ èémí rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ayùn tó ti kú gé igi.

Dókítà tó rí i ní Ìbàdàn kò tàn án jẹ. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò dí ọ̀nà èémí rẹ. Bí a bá sì gé e, iṣan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó jẹ́ ti ohùn. A ó ṣọ́ra, ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí."

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Ẹ̀mí ńkọ́?"

Dókítà ní, "Ẹ̀mí ni mo fẹ́ dá sí."

"Ẹ gé e, sà."

Wọ́n gé e, ó sì yè é. Nígbà tó lajú, mo rí i pé ó fẹ́ bi mí bóyá mo ti jẹun, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. A rò pé egbò ni. A dúró títí egbò fi jinná, tí àpá rẹ̀ di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́rùn rẹ̀. Ohùn kò padà. Ohun tó kù fún un ni ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó lè gbọ́.

Ó padà sórí òfì. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà, aṣọ rẹ̀ ṣì dára ju tèmi lọ. Abẹ́ àtíbàbà ló dákẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo gbàgbé ara mi, mo gbé orin kan, mo dé ibi tó yẹ kó ti gbà á, ìró ọ̀kọ̀ nìkan ni mo gbọ́. Mo pa ẹnu mọ́. Kò wojú mi, ó ń hun aṣọ lọ.

Àwọn tó ń pè wá ṣì ń ránṣẹ́. Mo lọ sí ìsọmọlórúkọ kan, èmi nìkan pẹ̀lú àwọn onílù. Mo kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n orin náà rí létí mi bí ẹrù tí èèyàn gbé rù láìsí òṣùká. N kò lọ síbi kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Awakọ̀ kan tó máa ń gbé aṣọ wa lọ sí ọjà Ṣakí ló sọ̀rọ̀ gìtá kan létí mi. Ó ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ń fi gìtá ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀ rí, tó ti wá fi ayé ìyẹn sílẹ̀, tó sì fẹ́ kí gìtá náà kúrò nílé òun. Bóyá mo rò pé ohun tó ní okùn púpọ̀ yóò bá mi dí àyè tó ṣófo, n kò mọ̀. Ọkàn mi ṣáà fà sí i. Àárín ọyẹ́ ni mo lọ. Eruku bò wá lójú ọ̀nà, nígbà tí a sì fi kọjá Tẹ̀dé, kò sẹ́ni tó lè dá ẹni tó jókòó tì í mọ̀ mọ́. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ àwọn òkè olókùúta Ṣakí, irun mi ti funfun bíi ti arúgbó.

Ọkùnrin náà gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi lómi, ó ní kí n kọ́kọ́ bọ́jú. Lẹ́yìn náà ló gbé gìtá jáde láti inú àpò ìdọ̀họ tó fi dì í. Pupa ni, pupa bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹbu dé. Ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ihò níkùn bíi ti gìtá onígi tí mo ti rí rí. Òòfà tí wọ́n fi wáyà wé ló wà lábẹ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ibẹ̀ ni ìró ń gbà wọ inú ẹ̀rọ.

Ó bi mí pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kò lè kọrin mọ́, sà. Mo fẹ́ rí ohun tí yóò máa bá mi kọ ọ́."

Ó wò mí, ó ní, "Gìtá kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni o."

"Mo mọ̀, sà."

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ wé láwàní fún mi ní mọ́ṣáláṣí wa. N ò lè jókòó láàárín àwọn àgbà kí gìtá tún wà lórí pẹpẹ mi. N ò sì fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi yá ọtí mu. Ọmọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni ọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ hun ẹtù fún mi, èyí tó tó agbádá pẹ̀lú bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Òun ni n ó wọ̀ lọ́jọ́ ìwé láwàní. Ọjọ́ tí o bá gbé e dé, kí o gbé gìtá lọ."

Ẹtù kì í ṣe aṣọ à-kánjú-hun. Òwú rẹ̀ ní láti wọ inú aró, kó jáde, kó tún wọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú bí ara ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kí ìlà funfun tín-ín-tín tó wá là á kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà lásán. Ó sún mọ́ mi, ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní gìtá ni mo fẹ́ fi rà, n kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ìka tọ ìlà kan tí mo hun, ó mi orí, ó ní kí n dìde. Ó jókòó sórí òfì mi, ó tú ibi tó rí gbágungbàgun, ó tún un hun. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti parí tirẹ̀ lọ́sàn-án, á bọ́ sórí tèmi. Ọwọ́ àwa méjèèjì ló wà lára aṣọ tí mo fi ra gìtá.

Nígbà tí mo gbé e dé, ìyá wa yí i ká.

"Kí lèyí máa ń jẹ?"

"Iná ni, Ìyá."

"Iná Ìsẹ́yìn yìí? Kò kúkú ní í sanra."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iná mànàmáná wà, ṣùgbọ́n bó ṣe wù ú ló ń ṣe. Ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe so wáyà gìtá náà mọ́ rédíò ńlá kan tó ti dàgbà, èyí tó ń lo bátìrì mọ́tò, sípíkà rédíò náà ló wá di ẹnu gìtá mi. N kò ní ọ̀gá. Orin wa àtijọ́ ni mo ń wá lórí okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Ìka mi bó, ó jinná, ó yi.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n tó ni mo ń rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń ké bíi tèmi. Èyí tó nípọn jù lọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé fún ìsàlẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ tó. Tí mo bá dẹ̀ ẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀, á máa gbọ̀n mọ́ igi lára, kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan tó yè kooro. Ibi tí okùn kẹfà parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

N kò rí gìtá olókùn méje rí, n kò sì gbọ́ pé ẹnì kan ní in níbì kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé okùn mẹ́fà kò tó mi.

Mo padà lọ sí Ṣakí. Ọkùnrin náà ti wé láwàní, bùbá ẹtù wa ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó jáde sí mi. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Kò rẹ́rìn-ín mi.

Ó ní, "Ó ṣeé dán wò. Ṣùgbọ́n igi tó bá gbé ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, títẹ̀ ni yóò tẹ̀. Okùn kọ̀ọ̀kan ló ń fa ọrùn gìtá yẹn. Má sọ pé n kò kìlọ̀ fún ọ."

Ó túlé, ó mú okùn nínípọn kan ti gìtá béèsì, èyí tó ń gba ohùn ìsàlẹ̀, jáde, tó ká jọ roboto, tó ti dúdú díẹ̀, àti irin tí a fi ń yí okùn kó le, èyí tó bọ́ lára gìtá mìíràn tó ti bàjẹ́. Ó fi wọ́n ta mí lọ́rẹ, ó ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi.

Káfíńtà tó ń ṣe àga lẹ́bàá ọjà wa kọ́kọ́ kọ̀ láti dá ihò fún irin náà sí orí gìtá. "Tí àga bá là mọ́ mi lọ́wọ́, mo lè ṣe òmíràn. Ṣé mo lè ṣe òmíràn nínú èyí?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sórí pákó, mo fi orúnkún mi méjèèjì há orí gìtá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìlu rẹ̀ wọ inú igi náà. Èérún igi ń dà sí mi nítan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí òdìkejì nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, tá, bí ìgbà tí ẹ̀ka gbígbẹ bá ṣẹ́. Ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ti là láti inú ihò náà gba ọ̀nà ọrùn lọ.

Káfíńtà gbé ìlu rẹ̀ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Ó ní, "Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ki àtè igi bọ inú ìlà náà, ó ní kí n má ṣe fi okùn kankan fà á títí yóò fi gbẹ dáadáa.

Mo gbé e délé bí ẹni gbé òkú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wo ìlà náà. Ó dìde, ó mú òwú ẹtù tó ṣẹ́kù, ó fi ìda oyin fà á kọjá títí ó fi ń dán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ orí gìtá yíká yíká. Eyín ló fi ń fà á le. Nígbà tó parí, ó dà bí ọrùn ẹni tí wọ́n fi ọ̀já wé. Ó na gìtá náà sí mi padà, ó ní, "Kò ní là mọ́."

Ìṣòro mìíràn tún wà. Níbi tí orí àti ọrùn gìtá ti pàdé, egungun kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n la ojú mẹ́fà sí, ojú yẹn ni okùn ń gbà kọjá. Nígbà tí àtè gbẹ, mo fọwọ́ na okùn keje sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ńṣe ló ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lára ọrùn gìtá, kò sì sí òòfà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ìró rẹ̀ jìnnà bíi ti ẹni tó ń pe èèyàn láti ẹ̀yìn ògiri. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní kí n sún mọ́ òun. "Tí òwú bá pọ̀ sí i lórí òfì rẹ, ṣé òfì lo máa fẹ̀?"

"Rárá."

"Kí lo máa ṣe?"

"Màá fún wọn mọ́ra."

"Ẹn-ẹ́n."

Ó gba egungun màlúù lọ́wọ́ alápatà, ó sè é títí ọ̀rá fi kúrò lára rẹ̀, ó fi ayùn gé e, ó fi fáìlì rin ín. Fọ́nrán òwú ló fi wọn àyè tó wà láàárín ojú kan sí èkejì, ó la ojú méjèèje sí i, wọ́n fún mọ́ra, wọ́n sì dọ́gba. Nísàlẹ̀ gìtá, a de súkúrù kan mọ́ igi láti di ìdí okùn keje mú. Ẹnu okùn béèsì náà nípọn jù, kò wọ irin tí yóò yí i. Mo tú wáyà tó wé e lára kúrò níbi orí rẹ̀ títí mo fi kan ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú, ìyẹn ló gbà wọlé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, n kò sọ ìdí tí mo fi fẹ́ okùn náà fún un, òun náà kò sì béèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé. Mo so gìtá mọ́ rédíò, mo fi àtàǹpàkò kan okùn keje. Ó dún. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Abọ́ tánganran tó wà lórí tábìlì gbọ̀n díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn gìtá náà. N kò ronú rárá, mo bọ́ sínú orin kan tí a máa ń kọ lórí òfì, mo ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí òun ṣe máa ń gbà á.

Ìyá wa wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń ṣan irú. A gbọ́ tí igbá ṣubú. Wọ́n sáré wọlé, omi ń kán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wí pé, "Ọkọ mi! Ọkọ mi! Alihamudulilahi…"

Ojú wọn bọ́ sí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Ó pa dé. Ojú wọn wá bọ́ sí àtàǹpàkò mi tó wà lórí okùn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìró náà fi tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà, wọ́n lọ ṣa irú wọn nílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, wọ́n pè mí sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, "Mo ti ń gbìyànjú láti máa gbé láìgbọ́ ohùn ọmọ mi. Ó ti fẹ́ máa mọ́ mi lára. Kí ló wá dé tí o fi gbé e wọlé bá mi lára igi?"

"Ìyá, ẹ má bínú."

"N ò bínú. Ó ń dùn mí ni."

Mo wọlé, mo dẹ okùn keje náà, mo ti gìtá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi wá bá mi lórí òfì. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Gbé e jáde."

Mo ní, "Kò dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dá egbò Ìyá padà. Tiyín náà ńkọ́? Ohùn yín ni mo fẹ́ fi okùn yẹn rọ́pò, n kò sì lẹ́nu láti sọ ọ́ fún yín."

"Mo mọ̀. Ta ló gbẹ́ egungun fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Ṣé o rò pé n kò mọ ohun tí mò ń gbẹ́ ni?" Ó sinmi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gígùn máa ń rẹ̀ ẹ́. "Kì í ṣe ohùn mi. Ìyá kánjú ni. Ohùn mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Má fi kọ apá tèmi nínú àwọn orin yẹn mọ́. Èmi ni mo ni apá yẹn. Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Jẹ́ ká wá orin tí kò mọ̀ mí."

N kò tètè lóye rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá orin kankan sílẹ̀ rí nígbà tó lóhùn. Orin tí gbogbo ayé ń kọ là ń kọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Bó bá ń hunṣọ, ètè rẹ̀ á máa mì. Bó bá rí ọ̀rọ̀ kan, á fi ọ̀kọ̀ kan igi òfì kí n lè wá. Màá tẹ etí sí i lẹ́nu, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa lu ìlù rẹ̀ sí mi léjìká kí n lè mọ bó ṣe ń rìn. Èmi á wá orin rẹ̀ rí lórí okùn, láti orí ìkeje lọ sókè. Èyí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú wọn nìyí:

Afẹ́fẹ́ ò lówó, a kì í rà á;
Ọjọ́ tó wọ́n mi ni mo mọyì rẹ̀.
Ẹni tó ń mí, kó dúpẹ́ o;
Ẹni tó ń mí, kó rọra máa lọ.

Fún ìgbà pípẹ́, tí mo bá ti so gìtá mọ́ rédíò, Ìyá wa á wá ibì kan lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ń ta orin afẹ́fẹ́ yẹn, mo gbójú sókè, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fara ti ògiri. Wọ́n ní, "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn?" Mo nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ní kí n tún un ta.

Òkèhò la ti kọ́kọ́ gbé e jáde, nílé tuntun ẹnì kan tó ti mọ̀ wá tipẹ́. Àwọn onílù bá wa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé bátìrì, nígbà tí a sì dé ibẹ̀, ó fi pákó bo àpótí rẹ̀, ó jókòó lé e lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn sípíkà. Àwọn èèyàn ń wo gìtá pupa tó wé ọ̀já dúdú lórí, àwọn mìíràn ń ka okùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí léjìká, mo bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń kọ ọ́. Nígbà tí a dé orin afẹ́fẹ́, ariwo rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti rí àpá ọrùn rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn dìde níbi tó jókòó sí, ó rọra rìn wá síwájú wa, ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ó bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ó dùn ọ́ nígbà tí wọ́n gé e?"

Ẹ̀gbọ́n mi fà á sún mọ́ra, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Ó pẹ́ tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. N kò dá orin dúró, okùn keje nìkan ni mo ń rọra kàn. N kò mọ ohun tó sọ fún un, n kò sì béèrè. Bàbá náà jókòó síbi tí wọ́n ti gbé àga fún un, ó ń fi orí gba orin.

Láti ìgbà náà ni wọ́n tún ti ń pè wá. A lọ sí Ògbòòrò lásìkò iṣu tuntun, a dé Tẹ̀dé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ṣakí náà sì ṣẹ. Ọrùn gìtá tẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, okùn ń jìnnà sí igi, àfi kí n fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó dún. Káfíńtà ní kí n yọ okùn kan. A kò yọ ọ́. Bí a bá ti òde dé, ẹ̀gbọ́n mi á dẹ gbogbo okùn náà kí ọrùn rẹ̀ lè sinmi, bí èèyàn ṣe ń sọ ẹrù kúrò lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ìgbà òjò ni ikọ́ kan mú un. A rò pé ikọ́ lásán ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò le bíi ti ẹlòmíràn mọ́ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, kò sì pẹ́ tí ikọ́ náà fi sọ̀ kalẹ̀ sí i láyà. Ọ̀sán gangan ló kú, lórí ẹní, ìyá wa di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, mo di èkejì mú. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Ìyá wa kò sunkún lójú èèyàn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti rí èémí mí fún ọdún tí àwọn kò retí, kí a bá àwọn dúpẹ́.

N kò fọwọ́ kan gìtá títí a fi parí àdúrà ogójì ọjọ́, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá. Àwọn ará Tẹ̀dé ló ránṣẹ́. Mo fẹ́ kọ̀. Ìyá wa ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, kì í ṣe ìwọ nìkan. Lọ."

Ìròyìn kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀. Bí a ṣe ń to nǹkan wa, ẹni tó pè wá ń wò káàkiri. Ó ní, "Ẹni tó máa ń jókòó lórí bátìrì dà?"

Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó yípadà sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lọ láti ẹnu dé ẹnu títí ó fi kárí agbo. Àgbà kan láàárín wọn ní kí a tẹ́ ọwọ́ àdúrà. Ó ṣe é, kò gùn, gbogbo wa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ sinmi, kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Mo wo àwọn onílù. Wọ́n ń wò mí. Mo fa okùn méjèèje le, láti orí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù títí dé èyí tó nípọn jù, mo tẹ́tí sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí àwọn onílù bá mi bẹ̀rẹ̀.